Ìbọn Ẹlẹ́nu Kan àbí Ẹlẹ́nu Méjì: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ìbọn Ọdẹ ní Èkìtì Wò

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìbọn ìléwọ́ kúrò nílẹ̀, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́: kékeré, fúyẹ́, tó ṣeé fi sábẹ́ agbádá. Òfin ìbọn ọdún 1959 kò fàyè gbà á fún aráàlú. Ìsọ̀rí kan náà ni òfin yẹn kó o sí pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta, Ààrẹ nìkan ló sì lè fọwọ́ sí i. Ìbọn ọdẹ tí à ń ṣẹ́ láàrin, tí à ń fọwọ́ ki kátíríìjì bọ̀ nídìí, ni ọlọ́pàá lè fún ni níwèé lé lórí. Èyí tó bá ní ẹ̀rọ tí ń gbé ọta mìíràn wọlé, ìbáà dá ṣe é, ìbáà jẹ́ pé ọwọ́ la fi ń fà á bíi ti pọ́ǹpù ákíṣọ̀n, òfin yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ẹni tó ń tà á fún yín pé “kò sí wàhálà”, wàhálà tiẹ̀ ló ń wí, kì í ṣe tiyín.

Ìwé ló ń ṣáájú ìbọn. Ẹ lọ bèèrè ní oríkò ọlọ́pàá ní Adó-Èkìtì bóyá wọ́n ń fún ni níwèé tuntun lásìkò náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ipá láàrin ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kò sí ìwé fún wọn.

Ṣakabùlà ńkọ́? Owó pọ́ọ́kú ni, ibi tó ti pọ́ọ́kú náà ló sì ti wọ́n. Ọ̀pá rẹ̀ kì í ṣe irin tí ẹnikẹ́ni ti dán agbára rẹ̀ wò. Òmíràn jẹ́ páìpù tó ní ojú ìjórin lára. Ojú lásán ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù sí i. Bí èkísà tí wọ́n fi dí i kò bá sì dé ìdí ẹ̀tù, tí àyè ṣẹ́kù láàrin wọn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pá máa ń wú sí tàbí kó bẹ́, ọwọ́ òsì tó dì í mú ló sì ń jìyà rẹ̀. Ìrì òwúrọ̀ nìkan tó láti mú kó kọ̀. Òun náà nílò ìwé lábẹ́ òfin, nítorí náà kò gbani lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ẹ fi sílẹ̀.

Ó wá ku ẹlẹ́nu kan, èyí tó ní ọ̀pá kan, àti ẹlẹ́nu méjì, èyí tó ní ọ̀pá méjì tí àwọn ọdẹ ń pè ní dọ́bù bárẹ̀lì. Owó ni ọ̀pọ̀ fi ń yàn láàrin wọn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ẹlẹ́nu kan géèjì 12 (géèjì ni ìwọ̀n ìbú inú ọ̀pá) sábà máa ń wọn kílò méjì àbọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò pé kílò mẹ́ta. Ẹlẹ́nu méjì máa ń tó kílò mẹ́ta sí mẹ́ta àbọ̀. Àwọn tó ń ṣe ìbọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlànà àtijọ́ kan: kí ìbọn wúwo tó ìlọ́po 96 ọta tó wà nínú kátíríìjì rẹ̀. Kátíríìjì tó gbé gíráàmù 28 ń fẹ́ ìbọn kílò 2.7; èyí tó gbé gíráàmù 36 ń fẹ́ nǹkan bíi kílò 3.5. Ẹ rí i pé kátíríìjì gíráàmù 36 nínú ẹlẹ́nu kan tó fúyẹ́, ìyà èjìká ni. Àwọn kan gbà pé ẹnu méjì ló ń ti èjìká jù. Òdìkejì rẹ̀ ni, àyàfi bí ẹ bá fa irin ìfà méjèèjì, irin tí à ń fìka fà kí ìbọn lè dún, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ra ẹlẹ́nu kan, kó máa ra gíráàmù 28 sí 30, ara á tù ú, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní máa gbọ̀n kó tó fà á.

Gígùn igi ìdí rẹ̀ tún ń dá kún ìrora náà. Ẹ rí i dájú pé kò sí nǹkan nínú ìbọn, kí ẹ wá gbé ìdí rẹ̀ sí kọ́lọ́fín ìgúnpá yín, kí ẹ na ìka ìfábẹ̀lá síwájú: oríkèé ìka àkọ́kọ́ ló yẹ kó kan irin ìfà. Fún àgbàlagbà tó ga níwọ̀nba, ìyẹn máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35 sí 37. Bó bá gùn jù, á máa kọ́ aṣọ lábíyá. Bó bá kúrú jù, àtàǹpàkò yín á gbá yín nímú. Rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ ń mú kó gùn díẹ̀, ó sì ń dín agbára ìtì náà kù.

Ní ti ibi tí a ti fẹ́ lò ó: ní oko kòkó àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ewé kì í jẹ́ kí ojú ríran jìnnà. Mítà 15 sí 25 ni ìbọn máa ń dún sí. Ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ kò fún ló dáa níbẹ̀, torí pé ọta rẹ̀ ń tàn kálẹ̀ kíákíá. Níbi tí ilẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, lápá Ọ̀tùn-Èkìtì, ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ fún ló wúlò: ní mítà 36, nǹkan bí ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọta rẹ̀ ló ń bọ́ sínú òbìrí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 76, ti ọ̀pá gbọọrọ tí kò fún rárá kò ju bí ìpín 40 lọ. Ẹlẹ́nu kan sábà máa ń fún gan-an. Bí ẹ bá fi lé òyà ní mítà mẹ́wàá, ẹran tí ọta ti lọ̀ ló máa kù fún ọbẹ̀. Ẹlẹ́nu méjì sábà máa ń ní ọ̀kan tó fún àti ọ̀kan tí kò fún tó bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe iye ọta nìkan.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yẹn wà lọ́wọ́ irin ìfà. Ẹ ra èyí tó ní irin méjì. Irin kan tó ń fa méjèèjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ìtì ọta àkọ́kọ́ ló ń gbé e lọ sí ẹnu kejì. Bí kátíríìjì àkọ́kọ́ bá ti mu omi tó sì kọ̀, irin yẹn kò ní kúrò lójú kan. Nínú ọ̀rinrin ilẹ̀ wa, kátíríìjì tó ń kọ̀ kò ṣọ̀wọ́n.

Ẹlẹ́nu kan ń borí níbi gbígbé. Ó fúyẹ́ fún ẹni tó ń rìn láti àṣálẹ́ di ìdájí pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lórí, ojú kan sì ni ẹ fi ń rí bóyá ọta wà nínú rẹ̀. Èyí tó ní òòlù (irin tí ń gbá kátíríìjì kó lè dún) lóde, ìgbà tí ẹran bá yọ ni kí ẹ tó gbé òòlù sókè. Bí ẹran bá sá, ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ ìbọn, kí ẹ yọ ọta, kí ẹ tó rọra sọ òòlù kalẹ̀. Àtàǹpàkò tó yọ̀ ló sábà ń fa ìjàǹbá níbẹ̀. Ẹlẹ́nu méjì tí òòlù rẹ̀ wà nínú ní ìdènà lókè, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ wọn irin ìfà nìkan ni ìdènà yẹn ń dì. Kò di òòlù. Bí ìbọn bá já bọ́ lórí àpáta, ó lè dún. Nítorí náà, lórí ọ̀kadà àti níbi tí ẹ bá ti ń fo odò, kí ó wà ní ṣíṣẹ́, kí ọta wà lápò. Àwọn méjèèjì ṣeé tú sí ọ̀nà mẹ́ta (ọ̀pá, igi iwájú, igi ìdí), ẹ kó wọn sínú àpò ìbọn, ẹ fi ìwé sí i.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tú igi iwájú kúrò, ẹ pa ìbọn dé, ẹ di ìdí rẹ̀ mú kí ẹ mì í. Bó bá ń ró kọ̀kọ̀kọ̀ níbi tó ti ń ṣẹ́, ó ti gbó. Ẹ tú ọ̀pá ẹlẹ́nu méjì, ẹ fi ìka kan gbé e kọ́ níbi ìkọ́ ìdí rẹ̀, ẹ fi èékánná ta á: èyí tó dáa á dún bí agogo; èyí tí ìjórin àárín rẹ̀ ti tú á dún bí agolo tó fọ́. Ẹ yọjú wo inú rẹ̀ lójú oòrùn. Ìpata tó ti jẹ ihò wọnú irin kò ṣeé nù kúrò. Ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ọ̀pá: 12/70 túmọ̀ sí pé kátíríìjì mìlímítà 70 ni ẹ̀kún rẹ̀, 76 kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè wọlé wọ́ọ́rọ́.

Ẹ má sì fi kátíríìjì géèjì 20 sínú àpò kan náà pẹ̀lú 12 láé. Àwọ̀ òféèfèé ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, ìdí sì nìyí: ó máa ń yọ̀ wọ inú ọ̀pá 12, ó há síwájú, ẹni tó ń yọjú wò á rò pé òfo ni, á ki 12 tẹ̀lé e. Nígbà tó bá fà á, ọ̀pá á bẹ́.