Nikonos V: Kámẹ́rà Abẹ́ Omi Tí Ó Ṣì Yẹ Ní Rírà
Ọdún 1984 ni Nikon mú Nikonos V jáde, síbẹ̀ èyí tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa ṣì lè bá ènìyàn wọ inú òkun dé 50 mítà láìsí àpótí ìdáàbòbò kankan. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ lára rẹ̀ ni pé, bí bátìrì bá tilẹ̀ kú, ó ṣì ń ya àwòrán bí a bá yí i sí M90, ìyẹn ìyára ìyàwòrán kan tí kò nílò iná bátìrì. Àmọ́ ojú ni a fi ń díwọ̀n bí ẹja ṣe jìnnà tó, èyí sì gba sùúrù.

Òrùka rọ́bà tí ń dènà omi ni ẹ̀mí rẹ̀. Ẹyọ irun kan ṣoṣo lórí rẹ̀ tó láti jẹ́ kí omi wọlé, nítorí náà ìka ni kí a fi yọ ọ́, kì í ṣe irin, kí a nù ún mọ́, kí a sì fi gírísì sílíkónì díẹ̀ pa á títí yóò fi máa dán. Lẹ́yìn òkun, ẹ rì í sínú omi tí kò níyọ̀, kí ẹ sì nù ún gbẹ kí ẹ tó ṣí i. Ẹni tí yóò ra àlòkù gbọ́dọ̀ ya owó sọ́tọ̀ fún oníṣẹ́ tí yóò pààrọ̀ àwọn òrùka inú lọ́hùn-ún, èyí tí ọwọ́ wa kò lè dé.