Ìkìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀: iná tó ń ṣẹ́jú kì í ṣe ẹ̀rí

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe sáùǹdì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, lóde àríyá, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó mówó jáde. Àpótí kan wà lọ́jà báyìí tí wọ́n ń tà ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ pẹ̀lú límítà, ìyẹn ẹ̀rọ tó yẹ kó máa fa ohùn tó bá ga jù sẹ́yìn. Dúdú ni, ó ṣe rẹ́gí nínú ràkì, orúkọ ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tí gbogbo wa mọ̀ ló wà níwájú rẹ̀, nọ́ọ̀bù rẹ̀ pé, iná rẹ̀ ń tàn. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ra á, mo tú u, mo fi ojú ara mi rí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀ kì í ṣe ti alátẹ ẹ̀bá ọ̀nà. Páálí kún un dé òrùlé, fáànù ń fẹ́, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ẹni tó ni ọjà ń pè mí ní Injinía, ó fún mi lómi tútù. Ó so fóònù rẹ̀ mọ́ míksà kékeré kan, ó fa wáyà láti ibẹ̀ sínú àpótí náà, ó tún fà á sínú spíkà kan tó lè ṣí páànù ilé. Ó tẹ BYPASS mọ́lẹ̀, bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí ohùn kọjá láìjẹ́ pé ẹ̀rọ fọwọ́ kàn án, orin náà ń dún pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó tú u sílẹ̀, orin bú jáde, iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé ń sá tẹ̀lé ara wọn lójú ẹ̀rọ.

"Injinía, ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn àbí ẹ ò gbọ́?"

Mo gbọ́ ọ. Ta ni kò ní gbọ́? Ó pè é ní ₦210,000, a ná an títí ó fi dé ₦180,000, mo sanwó. Ó tiẹ̀ tún yìn mí pé mo mọ ọjà ná.

Ohun tí mi ò wò ni nọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ OUTPUT GAIN sí, èyí tó ń gbé ohùn tó ń jáde sókè. Ó ti yí i kọjá òdo dáadáa, ó kù díẹ̀ kó dé òpin. Gbogbo ìyàtọ̀ tí mo gbọ́ yẹn, ariwo tó pọ̀ sí i lásán ni. Etí ọmọ èèyàn rí bẹ́ẹ̀: orin kan náà, bí ẹ bá gbé ọ̀kan sókè díẹ̀ ju ìkejì lọ, etí á ní èyí tó lọ sókè ló dùn jù. Mo mọ èyí, mo sì máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ọdún kejìlá rèé tí mo ti wà nídìí míksà, síbẹ̀ mo gbé owó ìjọ lé ariwo lọ́wọ́. Ojú tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó tì mí.

Nítorí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kì í gbé ohùn sókè fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fa ohùn sẹ́yìn. Ẹ ronú pásítọ̀ tó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́, tó wá ké "Halelúyà!" lójijì bí ẹni tí iná ta sí lára. THRESHOLD ni bodè tí ohùn ń gbà kọjá, RATIO sì ni iye tí aṣọ́bodè ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí RATIO bá wà ní 4:1, tí igbe náà fi 12 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó) kọjá bodè, 3 péré ni yóò jáde, aṣọ́bodè ti gbẹ́sẹ̀ lé 9. Àwọn iná GAIN REDUCTION wà láti fi 9 yẹn hàn yín. ATTACK ni bó ṣe yá a lára tó láti dìde lórí àga, RELEASE ni bó ṣe pẹ́ tó kó tó padà jókòó. Límítà náà kò yàtọ̀, àfi pé aṣọ́bodè tiẹ̀ kò gbẹ̀bẹ̀: RATIO rẹ̀ máa ń tó 10:1, ó lè dé ∞:1, ìyẹn ni pé ohun yòówù kó dé, kò ní kọjá.

Ẹni tó bá ń ta ẹ̀rọ yìí fún yín, tó sì jẹ́ pé bó ṣe ń jẹ́ kí ohùn pọ̀ ló fi ń hàn yín, kò tíì fi nǹkan kan hàn yín.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìṣọ́ òru. Apá méjì ni ẹ̀rọ náà ní. Apá kìíní ni mo fi sí máíkì pásítọ̀, mo sọ apá kejì di límítà láàárín míksà àti ámpù. Mo ń yí THRESHOLD wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iná ń tàn, mo ní ó ti ń jẹ ẹ́. Ká sòótọ́, etí mi ń sọ fún mi pé ohùn bàbá kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n ojú mi rí iná, ó borí etí. Torí pé mo fọkàn tán límítà, mo ṣí ámpù tán. Ní nǹkan bí aago méjì òru, nígbà tí àdúrà gbóná, tí iná CLIP ámpù, èyí tó ń kìlọ̀ pé ohùn ti pọ̀ jù, ń pọ́n láìkú, ọ̀ọ̀nù spíkà apá òsì, èyí tó ń gbé ohùn tínrín jáde, dún "pà!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òórùn wáyà tó jóná ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Kọ́ìlì inú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun orí, kò lè gba irú ìyà yẹn.

Lọ́jọ́ kejì mo tú ìdérí àpótí. Ẹ bá mi wò ó. Pátákó kan tí kò tó káàdì ìdánimọ̀ ló wà nínú àyè tó gba eku láti tọ́mọ. Wáyà láti ojú IN wọ inú IC (èròjà dúdú kékeré) ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan, ó jáde, ó gba OUTPUT GAIN, ó lọ sí ojú OUT. Ó parí. Èròjà tí wọ́n ń pè ní VCA, èyí tó yẹ kó máa fa ohùn sẹ́yìn, kò sí. Wọ́n jó ẹsẹ̀ THRESHOLD, RATIO, ATTACK àti RELEASE mọ́ pátákó gígùn kan kí wọ́n má baà mì, ṣùgbọ́n wáyà kan ò ti ara wọn lọ síbì kan. Àwọn iná ńkọ́? IC mìíràn tí wọ́n ń pè ní LM3915 ló ń tàn wọ́n. Ẹni tó bá ti tún ẹ̀rọ ṣe rí á mọ̀ ọ́n: iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tan iná mẹ́wàá níkọ̀ọ̀kan bí ohùn bá ṣe ń ga sí i, 3 dB sí iná kan. Ohun tí mo pè ní GAIN REDUCTION lóru ìṣọ́ òru, òun nìyẹn. Bí pásítọ̀ bá ké, iná á jó. Bó bá sinmi, iná á kú. Kò sẹ́ni tó fa nǹkan kan sẹ́yìn.

Mo gbé e padà lọ. Ọkùnrin náà wo ìdérí, ó ní mo ti tú u, ọjà tí wọ́n bá tú kò ní garantí mọ́. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní bí mo bá lè fi owó díẹ̀ kún un, "èyí tó jẹ́ ojúlówó gan-an" wà lókè.

Nítorí náà, ẹ dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù kí owó tó kúrò lápò. Ẹ gbé ohùn kan tó dúró sójú kan sórí fóònù yín, 1 kHz dára, kì í ṣe orin, torí orin ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀. Ẹ fi OUTPUT GAIN sí 0 fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ gbé THRESHOLD lọ sókè pátápátá: kò gbọdọ̀ sí iná GAIN REDUCTION kankan, bí ẹ bá sì tẹ BYPASS, etí yín ò gbọdọ̀ mọ ìyàtọ̀. Ẹ wá yí RATIO sí ∞:1, kí ẹ máa fa THRESHOLD wálẹ̀. Ohùn náà gbọ́dọ̀ máa kéré. Bí ohùn ò bá kéré, ẹ kí wọn, kí ẹ máa lọ.

Èyí tó tú àṣírí tèmi nílé nìyí: ẹ fi THRESHOLD sílẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ dá RATIO padà sí 1:1. Ní 1:1, aṣọ́bodè ò gba kọ́bọ̀. Ohùn gbọ́dọ̀ padà sípò, gbogbo iná GAIN REDUCTION gbọ́dọ̀ kú. Tèmi ṣì ń jó bí ẹni wà lóde àríyá. Tí ẹ̀rọ bá ní STEREO LINK, bọ́tìnnì tó ń so apá méjèèjì pọ̀, ẹ dá RATIO padà sí ∞:1, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi ohùn sí apá kìíní nìkan. Iná apá kejì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ má fẹ̀sùn kan olóòótọ́ o: bí bọ́tìnnì AUTO, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ yan àkókò fúnra rẹ̀, bá wà lórí, ATTACK àti RELEASE kì í ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, kì í ṣe ayédèrú nìyẹn.

Tòkunbọ̀ náà ní tiẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ 120V nìkan, tiwa sì jẹ́ 230V. Ọ̀pọ̀ stabilizer tí wọ́n ní kí ẹ fi gbé e ni kò lè sọ 230 di 120.

Kí ẹ tó tiẹ̀ rìnrìn àjò, ẹ wo míksà tó wà nílẹ̀. Behringer X32 ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lórí gbogbo ìkànnì 32 rẹ̀. Yamaha MG10 tó kéré pàápàá ní èyí tó ní nọ́ọ̀bù kan ṣoṣo lórí máíkì mélòó kan, ó sì tó fún ìwàásù. Ìjọ tèmi ní MG12. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níwájú mi ní gbogbo ìgbà yẹn.

Àpótí náà ṣì wà nínú ràkì. Mo ti yọ wáyà lára rẹ̀, mo fi dí ihò tí aláǹgbá ń gbà wọlé. Bí ẹ bá ní èyí tó jọ ọ́ nílé, ẹ yí RATIO rẹ̀ sí 1:1 lálẹ́ òní, kí ẹ pariwo sí máíkì, kí ẹ wá sọ fún wa nísàlẹ̀ yìí ohun tí iná rẹ̀ ṣe.