Ọ̀bẹ ìgéṣọ tó ń yí bíi táyà: mo ti lò ó, ẹ gbọ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń to àjákù aṣọ pọ̀ rán aṣọ ìbora, ẹ wá gbọ́ o. Àlùmágàjí ni mò ń lò tẹ́lẹ̀, igun kan á gùn ju èkejì lọ, tí mo bá wá rán wọn pọ̀ gbogbo ẹ̀ á wọ́. Mo wá ra rotary cutter yìí, ẹnu ẹ̀ rí róbótó, ó fẹ̀ ní 45 mm láti etí kan sí èkejì, aṣọ ìpele mẹ́rin ló ń gé lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ya bébà. Àmọ́ ẹ ra máàtì ẹ̀ (èyí tí ẹ máa tẹ́ sábẹ́ aṣọ) àti rúlà mọ́ ọn o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tábìlì yín gbé! Mo gé onígun mẹ́rin íńṣì 5, mo fi ìdá kan nínú mẹ́rin íńṣì rán etí ẹ̀ yíká, ó jáde ní íńṣì 4½ géẹ́, àfi bíi pé kí n máa jó. Ohun tó bí mi nínú ni ike tó ń bo ẹnu ẹ̀, ó máa ń yọ̀, ó ti gé mi níka lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ kán sórí aṣọ funfun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán (mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, kì í ṣe tìtorí ìka o). Tó bá ti ń fo òwú sílẹ̀ láìgé, ẹnu ẹ̀ ti kú nìyẹn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.