Télọ̀ kékeré tí mò ń lò: inú aṣọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹni tó bá ń wá télọ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Àǹtí kan ló ń bá mi ránṣọ, ṣọ́ọ̀bù wọn ò ju yàrá kan lọ, ọmọ iṣẹ́ méjì, máṣíìnì méjì, oníná kan àti ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ẹlẹ́sẹ̀ yẹn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n san owó ẹ̀ tán (ilé iṣẹ́ Singer ti ń ta máṣíìnì báyẹn láti nǹkan bí 1856, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹni tí ò lówó rẹpẹtẹ lè di ọ̀gá ara ẹ̀). Aṣọ mẹ́rin ni wọ́n ti rán fún mi, mẹ́ta bá mi mu lójú ẹsẹ̀, ọrùn ìkẹrin ló fẹ̀ jù, wọ́n tú u lójú mi, wọ́n tún un rán, wọn ò gbowó kún un.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù, inú aṣọ ló wà. Ẹ yí i sódì kẹ́ ẹ wò ó. Wọ́n ti wífì etí ẹ̀ kó má bàa máa tú, wọ́n sì fi bí íǹṣì 1 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo sanra, wọ́n tú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n yọ ààbọ̀ íǹṣì nínú etí kọ̀ọ̀kan (etí méjì ni wọ́n rán pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan), aṣọ fi íǹṣì 2 fẹ̀ sí i, mo ṣì ń wọ̀ ọ́ di òní. Èyí tí mo rà ní rírán, bíńtín ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú ẹ̀, kò sí nǹkan tí wọ́n lè tú.

Ibi tí wọ́n ti bí mi nínú ni ọjọ́. Wọ́n dá ọjọ́ fún mi, ó fi ọjọ́ 5 kọjá, mo dẹ̀ ti níbi tí mò ń wọ̀ ọ́ lọ! Àmọ́ ìgbà tí mo jókòó tì wọ́n níbẹ̀ ni mo wá rí bí owó ṣọ́ọ̀bù kékeré ṣe ń rìn. Owó àsansílẹ̀ wa yẹn ni wọ́n fi ń ra láínì, síìpù, òwú, òun náà ni wọ́n fi ń pe ẹni tó ń tún máṣíìnì ṣe. Aṣọ bíi mẹ́fà wà lára ògiri, wọ́n ti rán an tán, wọ́n ti lọ̀ ọ́, àwọn tó ni ín ò tíì wá san ìyókù. Owó síìpù tèmi ló so kọ́ síbẹ̀ yẹn o.

Oníbọ́tìnnì, ẹni tó ń tún máṣíìnì ṣe, àwọn ọmọ iṣẹ́ tó máa dá ṣọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀ tó bá yá, ara owó tá à ń san fún àǹtí yẹn ni gbogbo wọn ti ń rí tiwọn, kí n tó mọ̀ rárá ìwọ̀nba aṣọ nìkan ni mo rò pé mò ń ra.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò wọ́n, ẹ dá ọjọ́ tó fi ọ̀sẹ̀ 1 ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ nílò ẹ̀, ẹ san ìdajì sílẹ̀, ẹ gbé aṣọ tó bá yín mu dáadáa dání kí wọ́n fi wò ó, tí wọ́n bá dẹ̀ ti ní ó ti délẹ̀, ẹ lọ gbé e lọ́jọ́ yẹn. Mo fún wọn ní 4 nínú 5, ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ yẹn ló mú ìkan lọ.