Lycopodium fún máábù olómi: ìgò gíráàmù 100, lẹ́yìn òjò kan àti ọyẹ́ kan

Lẹ́búlẹ́bú inú ìgò yìí dà bíi gàrí olépo tí wọ́n tún lọ̀ títí ó fi kúnná bí àtíkè. Lára ewéko tí wọ́n ń pè ní Lycopodium clavatum ni wọ́n ti ń kó o. Hóró kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi máíkírómítà 30, ó sì ní ọ̀rá lára, ìdí nìyẹn tí omi kì í fi í rin ín. Iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ rà á ni máábù olómi, ìyẹn ẹ̀kán omi tí lẹ́búlẹ́bú bò yíká, tó ń yí gbirigbiri láì tú. Ẹni tó bá ti wo omi òjò lórí ewé kókò ti mọ ìdajì rẹ̀. Àmọ́ ewé ló kọ omi níbẹ̀. Tí ẹ̀kán náà bá ti bọ́ sílẹ̀, ó parí. Níbí, omi gbé aṣọ tirẹ̀ wọ̀, ó lè yí lórí gíláàsì tàbí tábìlì, kódà ó lè léfòó lórí omi mìíràn.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Pascale Aussillous àti David Quéré, ló kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature lọ́dún 2001. Lycopodium náà ni wọ́n lò, àmọ́ wọ́n kọ́kọ́ fi kẹ́míkà silane tó ní fluorine pa á lára. Fún omi lásán, èyí inú ìgò ò nílò ìpara kankan. (Àwọn kòkòrò aphid kan tó ń gbé inú kókó ara ewé ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́: wọ́n ń fi ìda bo omi dídùn tí wọ́n ń yà, kí wọ́n má baà kú sínú rẹ̀.)

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ bu díẹ̀ sójú omi nínú ife, kí ẹ ti ìka bọ inú rẹ̀. Ìka gbọ́dọ̀ jáde ní gbígbẹ. Tí ó bá jáde ní tútù, lẹ́búlẹ́bú ti bàjẹ́ tàbí ọṣẹ wà nínú ife.

Ẹ pa fáànù. Ẹ tẹ́ lẹ́búlẹ́bú sínú àwo pẹrẹsẹ kó ga tó mìlímítà 2 sí 3. A ò ní pípẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi, síríńjì mìlílítà 1 láti ilé ìpoògùn ní Bódìjà tó: ẹ ka iye ẹ̀kán tó ń jáde títí mìlílítà 1 yóò fi tán. Tó bá jẹ́ 100, máíkírólítà 10 ni ẹ̀kán kan. Ẹ kán an láti bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sókè; tí ẹ bá gbé ọwọ́ ga jù, yóò fọ́ káàkiri. Kí ẹ wá máa dẹ àwo síhìn-ín sọ́hùn-ún títí omi ò fi ní hàn níbì kankan lára rẹ̀. Ṣíbí oníke tí ẹ fi lẹ́búlẹ́bú ra ni kí ẹ fi gbé e.

Ti máíkírólítà 10 máa ń rí roboto, ó fẹ̀ tó mìlímítà 2.7. Ti 100 máa ń tẹ́ bí àkàrà, torí pé ìwúwo rẹ̀ ti ń borí agbára tó ń fa ojú omi pọ̀. Kò sí ohun tó ṣe lẹ́búlẹ́bú.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí àwọn èèyàn ń fi kan lycopodium, ọṣẹ ló ni ín. Àwo tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ tí wọn ò ṣàn dáadáa ti tó láti tú máábù ká. Sípíríìtì burú jù ú lọ: ọtí ń mu wọ inú lẹ́búlẹ́bú ni, máábù ò tilẹ̀ ní dúró. Epo náà bẹ́ẹ̀. Omi inú ọ̀rá (pure water) ò ní wàhálà.

Ìṣòro kejì ni ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín hóró kọjá, oru omi náà sì ń gba ibẹ̀ jáde. Bí omi inú ṣe ń dín kù, aṣọ ara rẹ̀ ò lè súnkì, ló bá hunjọ, ó rọ̀. Nígbà òjò ó ń pẹ́ díẹ̀. Ẹ fi abọ́ dé e, kí ẹ fi tíṣù tútù sábẹ́ abọ́.

Àlàfo àárín àwọn hóró yẹn kan náà ló tún wúlò jù. Ẹ fi zobo tí kò ní ṣúgà ṣe máábù, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú tí ẹ rẹ sínú amóníà lábẹ́ abọ́. Gáàsì amóníà yóò wọlé, àwọ̀ pupa yóò sì yí padà, láìjẹ́ pé omi kan omi. Ní Monash University ní Australia, wọ́n ti fi irú máábù báyìí dá irú ẹ̀jẹ̀ mọ̀, àmọ́ lẹ́búlẹ́bú kálísíọ́ọ̀mù kábónéètì ni tiwọn.

Lẹ́búlẹ́bú PTFE (Teflon) funfun lágbára, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ ó ń lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ omi gbígbẹ (ẹ̀kán omi tíntìntín tí lẹ́búlẹ́bú bò, tó fi dà bí ìyẹ̀fun), sílíkà tí kò fẹ́ràn omi ni kó rà: omi gíráàmù 95, sílíkà gíráàmù 5, kí bílẹ́ńdà sáré gan-an fún ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀. Tí sílíkà ò bá kọ omi tó, fọ́ọ̀mù ló máa dà.

Ohun tí a ò fara mọ́ lára ìgò yìí ni pé wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń gbaná. Lycopodium tó bá fò sínú afẹ́fẹ́ níwájú iná ń bú gbàmù. Àwọn eléré orí ìtàgé ìgbà kan tilẹ̀ ń fi í ṣe iná. Ẹ má lò ó nítòsí sítóòfù, kí ẹ sì fi nǹkan bo imú, pàápàá ẹni tó ní ikọ́ fée.

Ìdérí ìgò ò dé dáadáa. Tí lẹ́búlẹ́bú bá dì, ẹ sá a sí ibi gbígbẹ, kí ẹ kù ú bí ẹni ń ku èlùbọ́. Lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ ni máábù kan ń gbà, nítorí náà gíráàmù 100 ti pọ̀ jù fún kíláàsì kan. Tí wọ́n bá ní gíráàmù 25, ìyẹn ni kí ẹ rà.