Sìgá oníbátìrì tí mo rà ní Sùúrùlérè

Mo ra ẹ̀rọ tí àwọn ọ̀dọ́ Èkó ń pè ní vape ní ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Adéníran Ògúnsànyà, kì í ṣe láti fi ṣe fáàrí, bí kò ṣe pé mo fẹ́ kí ó gba ipò sìgá tí ó ti di bárakú fún mi. Ojú ìyẹn nìkan ni mo fi ń wò ó níbí.

Ọmọbìnrin tí ó ń tajà kọ́kọ́ na èyí tí a ń lò jù nù sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ló ń yá jù, ó dùn bíi máńgòrò." Mo yẹ páálí rẹ̀ wò: mílígíráàmù 50 nikotíìnì, èròjà inú tábà tí ń di bárakú, ló wà nínú mílílítà omi rẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí ó kọjá 20. Mo dá a padà, mo sì mú èyí tí a lè máa rọ omi nikotíìnì kún, tí wáyà inú rẹ̀ ń gbóná láti sọ omi náà di bí èéfín tí à ń fà, pẹ̀lú omi oní-mílígíráàmù 20 tí adùn rẹ̀ jọ ti tábà.

Ìlò rẹ̀ kò ṣòro, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sùúrù. A ó ṣí rọ́bà kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike rẹ̀ tí ń gba omi, a ó kán omi sí i díẹ̀díẹ̀, a ó sì gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí òwú inú rẹ̀ lè mu omi yó. Ẹni tí ó bá kánjú fà á, òwú gbígbẹ ni wáyà inú rẹ̀ yóò jó, òórùn àkísà tí ń jóná ni yóò sì gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kan. Àfi kí ó ra ike mìíràn. Bí oòrùn bá mú, pàápàá nínú dánfó tí ó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ojúẹlẹ́gbá, omi náà a máa jò sínú àpò ṣòkòtò. Ti bátìrì kò yọ mí lẹ́nu, nítorí wáyà fóònù mi náà ni mo fi ń gbà á níná.

Ǹjẹ́ ó gba ipò sìgá? Ó gbà á dé ìwọ̀n tí n kò retí. Níwọ̀n bí kò ti sí ewé tábà tí ń jóná nínú rẹ̀, a bọ́ lọ́wọ́ ọ̀dà dúdú tí ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró àwa amusìgá. Èyí kò sọ ọ́ di ohun tí ó dára fún ara, ẹni tí kò bá sì mu sìgá rí kò ní ohunkóhun í wá nídìí rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ tí ó ká mi lára jù ni pé kì í tán. Sìgá ẹyọ kan, tí òfin tábà Nàìjíríà ti 2015 ní kí wọ́n má ṣe tà bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí à ń rà lórí àtẹ ní gbogbo ìkòríta, bí iná bá ti dé ìdí rẹ̀, a ó tẹ̀ ẹ́ pa, a ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí wà lọ́wọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò ní òórùn tí yóò mú ìyàwó ẹni bínú, ọwọ́ a sì máa gbé e lọ sẹ́nu láìjẹ́ pé a rò ó. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ènìyàn 886 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní 2019, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fún ní irú ẹ̀rọ yìí ni kò mu sìgá mọ́ lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí ti àwọn tí wọ́n fún ní ṣingọ́ọ̀mù onínikotíìnì àti irú rẹ̀ jẹ́ ìdá 9.9, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ẹ̀rọ ọ̀hún gbà sílẹ̀, ìdá 80 ló ṣì ń fà á.

Ẹni tí kò bá fẹ́ wà lára wọn gbọ́dọ̀ máa dín agbára omi náà kù, láti 20 sí 10, títí yóò fi kan òdo. Ibẹ̀ gan-an ni ṣọ́ọ̀bù náà ti já mi kulẹ̀. Omi 50 kún orí pẹpẹ wọn ní oríṣiríṣi àwọ̀, omi 3 tí wọ́n ní ki jù fún òwú ẹ̀rọ kékeré, 10 kò sì sí rárá. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n máa ra ike lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n bá wa kó omi 10 wá.