Ìwé ìpolówó tí ilé ìtẹ̀wé ń bá ọlọ́jà kọ ní Àkúrẹ́

Ní àyíká Ọjà Ọba, àwọn onítẹ̀wé kì í tẹ ìwé nìkan, wọ́n tún máa ń bá oníbàárà wá ọ̀rọ̀ tó máa wọ inú rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ti alágbo: "Ẹ̀yìn ń dùn yín? Orí ń fọ́ yín? Oorun ò kùn yín? Títí dìgbà wo?" Ìbéèrè mẹ́rin, kò sí èyí tó ń wá ìdáhùn. Mẹ́ta àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba létí, ìkẹrin wá yí ohùn padà. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi nìyẹn o: òǹkàwé á ti sọ "bẹ́ẹ̀ ni" nínú ara rẹ̀ kó tó rí orúkọ àgbo.

Ìsàlẹ̀ ló máa ń bà á jẹ́. "Ó ń wo gbogbo àìsàn!" Àsọrégèé yìí ti pọ̀ jù, ó ń ta ko ẹ̀yìn àti orí tí wọ́n dárúkọ lókè. Nọ́ńbà NAFDAC (àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn), tó jẹ́ ẹ̀rí pé ọjà náà ti forúkọ sílẹ̀, ni wọ́n wá fi lẹ́tà tíńtín tì sí ẹsẹ̀ ìwé. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ ní kí wọ́n gbé e sókè, lábẹ́ orúkọ ọjà gan-an. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ẹ kà á sókè. Gbólóhùn tí èémí bá ti já, ẹ gé e.